Máàkì Mock Kì Í Ṣe Máàkì JAMB: Bí A Ṣe Lè Lò Ó Láì Jẹ Gbèsè Lórí Rẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé, kì í sì í ṣe ti owó ìfipamọ́. Ọ̀rọ̀ máàkì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Máàkì ti di ọ̀rọ̀ owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹrin ọdún, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tó ń wọlé sọ́wọ́ mi, ti owó ilé-ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Níbi tí a ti béèrè pé kí ni ẹ fẹ́ fi owó náà ṣe, ẹ ó rí i tí ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi gba 268 ní mock. Dókítà ló fẹ́ lọ kà." Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò tíì jókòó ìdánwò JAMB o. Máàkì mock ni ìyá rẹ̀ ti fi ṣe onídùúró.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ wa, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí a máa wo máàkì mock kí a tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá gba máàkì púpọ̀ ni kí á kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwọn kan ní irọ́ funfun báláú ni gbogbo mock, kí a má tilẹ̀ wò ó rárá. Alága wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ìwọ lo fẹ́ràn ìṣirò. Lọ kọ ọ́ sínú ìwé wa kí gbogbo wa lè mọ èyí tí à ń ṣe."

Èrò mi rèé kí n tó lọ jìnnà: ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ìhà méjèèjì ló sì ṣì í díẹ̀. Mock ń sọ nǹkan fún ni. Ṣùgbọ́n kò sọ tó bí a ti rò.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Kí ẹ má baà rò pé mo jókòó sórí àga mo ń bá yín wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ara mi. Ní ọdún 2023, ọmọbìnrin mi wà ní SS3. Ó ń lọ sí lẹ́sìn kan, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ṣe mock fún wọn, ó sì mú èsì wálé: 262 nínú 400. Inú mi dùn débi pé mo ra ohun mímu fún gbogbo ilé. Mo gba ẹ̀yáwó nínú ẹgbẹ́ yìí. Kì í ṣe fún owó fọ́ọ̀mù o. Ti ilé gbígbé àti owó ìwọlé ni, kí n má baà máa sá sókè sódò nígbà tí orúkọ bá jáde. Mo san owó yàrá ọdún kan gbáko sílẹ̀ nítòsí yunifásítì. Nọ́ọ̀sì nìkan ni a kọ sínú fọ́ọ̀mù tí a fọkàn sí. Èyí tó kù, a kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni.

Nígbà tí èsì JAMB jáde, 198 ló gbà.

Mo pariwo mọ́ ọmọ náà. Mo ní eré ló ń ṣe, mo ní fóònù ló bà á jẹ́. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ ló pè mí wọ yàrá, tó bi mí pé, "Baálé mi, ta ló sọ pé 262 ni yóò gbà? Ṣé òun ló sọ ọ́ ni, àbí ẹ̀yin?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ṣebí òótọ́ ni. Ọmọ náà kò ṣèlérí fún mi. Èmi ni mo mú máàkì kan ṣoṣo, tí mo sọ ọ́ di ìlérí.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bi í léèrè bí mock ọ̀hún ṣe lọ. Ó ní ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ìbéèrè náà tí wọ́n ti ṣe ní kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó dàbí ìgbà tí èèyàn bá ka owó tó ti kà tẹ́lẹ̀, tó wá ní òun jèrè. Ó tún un jókòó ní ọdún 2024, a lo ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ó sì wà nílé-ìwé báyìí. Ṣùgbọ́n owó yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn nínú rẹ̀, oṣù 18 ni mo fi san án padà fún ẹgbẹ́. Akápò wa jẹ́rìí sí i.

KÍ NI JAMB, KÍ NI MOCK?

Ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀, ọdún náà ni ìdánwò àkọ́kọ́ sì wáyé. Ṣáájú ìgbà yẹn, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí èmi jókòó fún un, pẹ́ńsùlù la fi ń kun ojú àmì kéékèèké lórí ìwé. Ní ọdún 2010, wọ́n pa ti yunifásítì, ti pólì àti ti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni pọ̀ di ìdánwò kan. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń ṣe é.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, Òyìnbó sì jẹ́ ọ̀ranyàn. Ìbéèrè Òyìnbó jẹ́ 60, àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ 40, 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn. Bí ẹ bá pín in, ìbéèrè kan kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì 100, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 400.

Mock ní tirẹ̀ jẹ́ ìdánwò ìgbìdánwò, kí ọmọ fi mọ ibi tó dé. Oríṣi mẹ́rin ló wà láàárín wa. Èkíní, èyí tí ilé-ìwé ń ṣe fún SS3. Èkejì, èyí tí àwọn onílẹ́sìn ń ṣe. Ẹ̀kẹta, èyí tí ọmọ ń ṣe fúnra rẹ̀ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹrin, èyí tí JAMB fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017 fún ẹni tó bá fẹ́. Kì í ṣe dandan, ó sì ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

KÓŃGÒ KÒ JỌ KÓŃGÒ

Ẹ̀yin ìyá onígàrí, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé jù. Bí ẹnìkan bá sọ pé kóńgò mẹ́wàá ni gàrí òun, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi í ni pé, "Kóńgò ta ni?" Ẹ mọ̀ pé kóńgò ọjà kan tóbi ju ti òmíràn lọ, ẹ sì mọ àwọn tó ń lu ìdí kóńgò wọlé. Mock náà, kóńgò ni. Kóńgò lẹ́sìn kan lè kéré, kí 260 tiwọn jẹ́ 220 tí a bá dà á sínú kóńgò JAMB. Ti ilé-ìwé mìíràn lè tóbi, nítorí àwọn olùkọ́ fẹ́ dẹ́rù ba àwọn ọmọ kí wọ́n lè kàwé. 180 tiwọn lè di 210.

Kí ló ń mú kóńgò mock yàtọ̀? Ọ̀kan ni ìbéèrè tí àwọn ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi ti ọmọ mi. Òmíràn ni àkókò: àwọn kan ń fún ọmọ ní wákàtí mẹ́ta dípò méjì. Àwọn kan ń ṣe é lórí ìwé, ọmọ tí kò mọ máòsì dì mú kò sì ní mọ̀ pé òun ní ìṣòro títí di ọjọ́ JAMB. Òmíràn tún ni pé àwọn ọmọ ń wo ìwé ara wọn. Àwọn onílẹ́sìn kan náà wà, n kò sọ pé gbogbo wọn o, tí wọ́n mọ̀ pé máàkì tó ga ló ń mú inú òbí dùn, òbí tí inú rẹ̀ bá dùn ló sì ń san owó oṣù tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa. Kóńgò tó kéré kò burú, bí ó bá ti kéré bákan náà lójoojúmọ́. Tí a bá mọ̀ pé kóńgò ìyá kan máa ń dín díẹ̀, a lè ṣírò rẹ̀ kí a sì bá a ná an. Kóńgò tó ń tóbi lónìí tó ń kéré lọ́la ni a kò lè fi ṣòwò. Bákan náà ni mock. Èyí tó máa ń ga ju JAMB lọ ní ọgbọ̀n máàkì lọ́dọọdún wúlò gan-an ni. Ẹ yọ ọgbọ̀n kúrò, ó parí. Èyí tó ga lọ́dún kan, tó tún wálẹ̀ lọ́dún kejì, ẹ má gbé owó lé e.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mock tí JAMB ń ṣe ni kóńgò rẹ̀ sún mọ́ ti JAMB jù, nítorí àwọn náà ló ṣe é, kọ̀ǹpútà irú kan náà sì ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ máa ṣe é.

ORÍIRE WÀ NÍBẸ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń yẹ kòkó wò. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í tú gbogbo àpò. Ó máa ń fa díẹ̀ jáde níhìn-ín lọ́hùn-ún, á ka 300 hóró, á là wọ́n, á wo èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò jẹ, yóò sì fi èyí dá gbogbo ẹrù lẹ́jọ́. Bí ó bá tún fa 300 mìíràn nínú ẹrù kan náà, iye tó bu kò ní bára mu régí. Bẹ́ẹ̀ kòkó kò yí padà. Ohun tí ọmọ mọ̀ ni ẹrù kòkó. Ìbéèrè 180 ni hóró tí wọ́n fà jáde. Lọ́jọ́ kan wọ́n lè fà á níbi tó ti mọ̀ ọ́n, lọ́jọ́ kejì kí wọ́n fà á níbi tó ti fò ó.

Ìdí kejì ni pé ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n ń kọ síwájú ọmọ, A títí dé D, kí ó mú ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ nǹkankan rárá, tó kàn ń tẹ lẹ́tà tó bá wù ú, yóò bá ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá mẹ́rin 180 jẹ́ 45. Ìyẹn ni pé yóò gba nǹkan bí 100 nínú 400, láìmọ̀kan. Nítorí náà, bí ọmọ bá gba 110, kí òbí má sọ pé "ó gbìyànjú díẹ̀". Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ wá mú ọmọ tó mọ ìdajì ìbéèrè ní tòótọ́, tó sì ń mú ìdajì kejì láìmọ̀. Ti àkọ́kọ́ fún un ní 200. Nínú ìyókù, yóò bá ìdá mẹ́rin, ìyẹn bí 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 250. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí orí bá ṣe é, ó lè di 265. Lọ́jọ́ tí kò bá ṣe kòńgẹ́, ó lè di 235. Ọmọ kan náà ni o, ìmọ̀ kan náà, kò sí eré, kò sí fóònù. Mo ṣírò rẹ̀ títí, ohun tí mo rí ni pé bí máàkì méjì bá fi ogún ju ara wọn lọ, kò tíì sọ ohunkóhun tó dájú. Ẹ má tìtorí ogún máàkì na ọmọ, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ pa àgbò.

ÈYÍ TÓ GA JÙ MÁA Ń SÚN PADÀ

Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Francis Galton ló tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 1886. Ó wọn gíga àwọn òbí àti ti àwọn ọmọ wọn. Ó rí i pé àwọn òbí tó ga fíofío máa ń bí ọmọ tó ga, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kì í sábà ga tó wọn. Wọ́n máa ń sún padà díẹ̀ síbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà. Àwọn tó kúrú náà, ọmọ wọn sábà máa ń ga jù wọ́n lọ díẹ̀.

Àwa oníṣòwò ti mọ èyí, a kò kàn sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ ọjà tí ẹ tà jù lọ lọ́dún, ṣé ọjà tó tẹ̀lé e tún tó bẹ́ẹ̀? Kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnìkan ṣe yín. Ọjọ́ tí ohun gbogbo bára mu ni: òjò kò rọ̀, ẹni tó ń bá yín díje kò wá, àwọn tó ń ṣe òkú sì wá rajà. Ẹ kò lè kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tó ṣe ipò kìíní nínú mock, ó mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ náà bá a lára mu pẹ̀lú. Lọ́jọ́ JAMB, ìmọ̀ yóò bá a lọ, kò dájú pé ti ọjọ́ yẹn yóò bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí máàkì tó ga jù fi máa ń jábọ́ jù. Ẹni tó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá máa ń gòkè díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ yín gòkè nítorí pé ẹ nà án.

PÁTÁKÓ OJÚ TÍTÌ

Ẹ ti rí pátákó àwọn onílẹ́sìn lójú ọ̀nà, tí wọ́n lẹ fọ́tò ọmọ mẹ́fà mọ́, tí wọ́n kọ 305, 298, 290 sí abẹ́ wọn. Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀ lọ́dún náà? Bí ọmọ 200 bá wà níbẹ̀, fọ́tò àwọn 194 yòókù dà? Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe tà kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà tán nìkan. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni ìwé tí máàkì mock àti máàkì JAMB gbogbo ọmọ ọdún tó kọjá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní in tó sì fi hàn yín, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó ní kò sí, ẹ mọ ibi tí ẹ ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà.

Kí ojú wa má sì kúrò lára bí ìdánwò náà ṣe le tó. Ní ọdún 2025, nínú èsì ọmọ 1,955,069 tí JAMB kọ́kọ́ kéde, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tí kò gba 200. Nítorí náà, bí lẹ́sìn kan bá sọ pé gbogbo ọmọ òun ló ń gba 250 ní mock, ẹ bi í pé kóńgò wo ló lò.

WỌ́N Ń ṢÌ Í NÍLÙÚ ÒYÌNBÓ PẸ̀LÚ

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn kan nínú wa wà, olùkọ́ ló máa ń sọ tẹ́lẹ̀ irú èsì tí ọmọ yóò ní, yunifásítì á sì fi ìyẹn fún un láàyè kí ìdánwò tó dé. Ní ọdún 2016, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Gill Wyness yẹ ìwé àwọn ọmọ tó wọ yunifásítì wò láti 2013 sí 2015. Ó rí i pé nínú ọmọ 100, nǹkan bí 16 péré ni ohun tí olùkọ́ sọ bá ti ìdánwò mu. Nǹkan bí 75 ni wọ́n sọ tiwọn ju bí ó ti rí lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé, láàárín àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an, àwọn ọmọ tálákà ni wọ́n sábà ń fojú kéré.

Nígbà tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò ní 2020, wọ́n fi ẹ̀rọ ìṣirò tún máàkì tí olùkọ́ fún àwọn ọmọ ṣe. Ní ilẹ̀ England, nǹkan bí 39 nínú 100 àwọn máàkì yẹn ni ẹ̀rọ náà fà wálẹ̀. Àwọn ọmọ tú síta, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ìjọba jáwọ́, wọ́n sì padà sí ti olùkọ́. Bí àwọn tó ní gbogbo ẹ̀rọ yẹn bá lè ṣì í, ìwọ̀nba la gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìwé pélébé kan láti lẹ́sìn.

BÍ A ṢE LÈ ṢÍRÒ RẸ̀

Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ mú ìwé àti bírò.

Èkíní, ẹ má lo mock kan ṣoṣo. Ẹ gba mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì pín in dọ́gba. Ká sọ pé ọmọ gba 238, lẹ́yìn náà 251, lẹ́yìn náà 225. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 714. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ 238. Ẹ má mú 251 nítorí pé òun ló dùn mọ́ yín.

Èkejì, ẹ wá bí kóńgò ibẹ̀ ṣe tó. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é pé ọmọ márùn-ún ti ibẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó gba 260 ní mock gba 221 ní JAMB. Ó fi 39 jábọ́. Ẹni tó gba 240 gba 216. Ó fi 24 jábọ́. Ẹni tó gba 225 gba 188, 37. Ẹni tó gba 210 gba 194, 16. Ẹni tó gba 190 gba 176; 14. Àpapọ̀ ìjábọ́ náà jẹ́ 130. Ẹ pín in sí márùn-ún, ó jẹ́ 26. Ẹ ẹ̀ rí i pé àwọn tó wà lókè ló jábọ́ jù, bí mo ti wí?

Ẹ̀kẹta, ẹ yọ ọ́. 238, ẹ yọ 26, ó ku 212.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má dúró sórí 212. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ọmọ márùn-ún kéré láti fi ṣe ìdájọ́, nítorí náà ẹ fi 25 sí i níhà méjèèjì: láti 187 títí dé 237. Ohun tí mock sọ gan-an nìyẹn. Kò sọ pé 251. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kó wà láàárín 187 sí 237."

Ẹ̀karùn-ún, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi náwó, òkè ni kí ẹ fi gbàdúrà. Bí ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ bá ń gba 240 sókè lọ́dún tó kọjá, kí ó kọ ọ́ bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ èyí tí 190 lè gbé e wọ̀. Nítorí pé ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà nílùú wa níhìn-ín, gbogbo ọmọ ló fẹ́ wọ aṣọ funfun. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn pọ̀ ní Ọ̀yẹ́, ní EKSU àti ní pólì Adó, tí ọmọ lè fi jẹun.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé JAMB kọ́ ni ìparí. Fún ìgbaniwọlé ọdún 2025, 150 ni wọ́n fẹnu kò sí pé yunifásítì kankan kò gbọ́dọ̀ gbà sísàlẹ̀ rẹ̀, pólì àti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni sì jẹ́ 100. Ìlẹ̀kùn ìta nìyẹn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn yàrá tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn, wọ́n sì ń wo èsì WAEC tàbí NECO. Mock JAMB kò sọ nǹkankan nípa ìyẹn.

BÍ ÈSÌ BÁ JÌNNÀ JÙ

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdánwò gan-an ló máa ń ṣì í. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB fúnra wọn jáde wá sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà tún un jókòó. Ariwo tí àwọn òbí àtàwọn ọmọ pa ló jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, bí mock mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá sọ ohun kan náà, tí JAMB wá jábọ́ lọ jìnnà ju àyè tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ mú pàṣán. Ẹ bi ọmọ léèrè: ṣé kọ̀ǹpútà kú? Ṣé ara rẹ̀ kò yá? Ṣé gbogbo ìbéèrè ló yọ sí i?

ÌMỌ̀RÀN MI SÍ ẸGBẸ́

Mo ti gbé e síwájú ìgbìmọ̀, ẹ ó sì dìbò lé e lórí ní ìpàdé gbogbogbòò.

Èkíní, kí máàkì mock má ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni, kó má sì dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Owó ìfipamọ́ àti onídùúró ẹlẹ́ran ara la ó máa wò bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá ń fi mock yan ẹni tí a ó yá lówó, ọmọ tí bàbá rẹ̀ lè san owó lẹ́sìn olówó gọbọi ni a ó máa yá, a ó sì fi ọmọ opó sílẹ̀.

Èkejì, kí a pín ẹ̀yáwó ilé-ìwé sí méjì. Èyí tó kéré fún fọ́ọ̀mù, lẹ́sìn àti mock JAMB ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Èyí tó pọ̀ lẹ́yìn tí ìwé ìgbaniwọlé bá ti jáde. Ká ní bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe ní 2023 ni, n kì bá tí san owó yàrá òfo.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin òbí máa mú ìwé mock àti JAMB àwọn ọmọ yín wá fún mi, láìsí orúkọ ọmọ lára rẹ̀. Bí a bá kó ti ọdún mẹ́ta jọ, àwa fúnra wa ni a ó mọ bí kóńgò lẹ́sìn kọ̀ọ̀kan ṣe tó.

Kí n tó gbé bírò sílẹ̀, ohun tí mock dára fún jù lọ rèé. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ tú u sí mẹ́rin, kí ẹ wo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èmi àti ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024, a rí i pé Kẹ́mísìrì nìkan ló ń fà á sẹ́yìn, àti pé ìbéèrè 20 tó gbẹ̀yìn nínú Òyìnbó ni kì í ráyè dé. Oṣù méjì la fi tún ìyẹn ṣe. A kò béèrè pé, "Kí lo máa gbà?" mọ́. Ohun tí à ń béèrè ni pé, "Ibo ló ti ń jò?" Ọmọ náà sì ń jẹun alẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa là. Ẹ má gbàgbé o, ẹni tó bá jẹ owó oṣù tó kọjá, kí ó san án kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé